Àdúrà Yèyé, láti Ẹ̀fọ̀n dé Adó

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni Yèyé sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún 71. Ìyàwó àbúrò ìyá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí ní Àrámọkọ-Èkìtì. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a gbọ́ ìtàn ìgbésí-ayé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì: ìlú tí a bí wọn sí, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ, ipò wọn nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Àdúrà wọn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà, òun ni mo sì fẹ́ sọ, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí mo ń gbé kiri.

Yèyé kò mọ̀wé. Ojú ọ̀nà ni wọ́n fi ń rántí ènìyàn. Ní aago márùn-ún ìdájí, bí agogo kékeré ọwọ́ wọn bá ti dún, gbogbo wa ti jáde sí pálọ̀ nìyẹn, àwọn mìíràn á ṣì máa tòògbé. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ìlú bàbá wọn, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dárúkọ àwọn ará ilé wọn níbẹ̀, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sí Ìtawúrẹ́, wọ́n á gba Ẹrìó, wọ́n á wọ Àrámọkọ. Àrámọkọ ló ń pẹ́ jù, nítorí ojúlé dé ojúlé ni. Lẹ́yìn náà ni Ìgèdè, Ìyìn, Adó, kí ó tó wá kan àwọn tó wà ní Èkó àti òkè òkun. Àwa ọmọdé mọ̀ pé bí Yèyé bá ti dé Ìyìn, kí ẹni tó máa gbé omi kaná máa múra.

Ẹ̀fọ̀n tí wọ́n fi ń ṣáájú nídìí. Ibẹ̀ ni ibojì Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, ẹni tó kú ní oṣù Keje ọdún 1959. Ọmọ ọdún 8 ni Yèyé nígbà náà. Ìyá wọn, tó ti gba Jésù láti ìgbà ìsọjí àwọn ọdún 1930, ló fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn nìkan ni àwọn rí, ẹkún sì gba gbogbo ìlú.

Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Yèyé ti fi 20 ọdún gbàdúrà fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹnu wọn ń ṣì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. “Baba, bùkún Ìpínlẹ̀ Oǹdó... Èkìtì, Olúwa, Èkìtì ni mo wí. Bùkún Oǹdó náà.” Wọn kò yọ Oǹdó kúrò mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, gbogbo wa la mọ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni Yèyé ń pe ìyá mi. Akọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn àgbà, tí àwa ọmọdé kì í rí. Yèyé kò pe orúkọ àbísọ wọn níwájú Ọlọ́run pàápàá. “Jésù, rántí Akọ̀wé. Wo ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.” Mo bi wọ́n nígbà kan pé báwo ni Ọlọ́run á ṣe mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe òun ló mú mi wọ ilé wọn ni?”

Bàbá, ọkọ Yèyé, ló ń gba àdúrà náà báyìí, ẹni tó ti súnmọ́ 80 ọdún. Ibi tí ó bá ti pòórá mọ́ wọn lójú, àwa tó bá wà nílé á rán wọn létí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojúlé ìyá alákàrà, orúkọ kan wà níbẹ̀: “Awẹ́lẹ́wà, Olúwa. Mú un bọ̀ wálé.” Ojoojúmọ́ ni Yèyé ń pè é. Bàbá kò mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní ìyàwó mẹ́rin ló wà nínú agbo ilé nígbà náà, kálukú ló sì ń sọ àwọn ọmọ ní orúkọ tirẹ̀. Ìyá mi tí ìbá mọ̀ ti kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Awẹ́lẹ́wà?

*

Mi ò mọ Awẹ́lẹ́wà, ṣùgbọ́n èmi náà wà nínú àdúrà yẹn. Awakọ̀ ni mí, Iléṣà sí Adó. Ní ọdún 2004, ọkọ̀ mi dákú lẹ́gbẹ̀ẹ́ búkà iyán Yèyé. Àwọn èrò ti gba owó wọn, wọ́n ti wọ ọkọ̀ mìíràn lọ. Yèyé bu iyán àti ẹ̀fọ́ fún mi, wọn kò gba kọ́bọ̀. A sọ̀rọ̀ títí mẹkáníìkì fi dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo yà láti sanwó, wọ́n ní, “Ìyá rẹ ńkọ́? Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́?” Mo ti gbàgbé pé mo sọ ọ́ fún wọn. Títí di òní, n kì í kọjá níwájú ibẹ̀ kí n má tẹ hóònù.

*

Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere kan náà ni a jọ wà. Yèyé le o. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìṣọ́ òru, ẹnu ọ̀nà ni yóò kúnlẹ̀ sí títí a ó fi parí orin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020 tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí kòrónà, àwọn ló ń dúró lójú fèrèsé kálukú wa láràárọ̀, wọn kì í wọlé, wọ́n á kàn ní, “Ṣé o jí? Ṣé o jẹun?”

*

Èmi ni Awẹ́lẹ́wà.

Akọ̀wé tí ẹ kọ yẹn, bàbá mi ni. Ní ọdún 1974 tí wọ́n gbé Yèyé wọlé, ọmọ ọdún 8 ni mí, èmi ni mo gbé igbá omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìdajì omi náà ló dà sí mi láṣọ. Ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló sọ mí ní Awẹ́lẹ́wà, èmi náà sì ń pè é ní ìyàwó mi.

Ní ọdún 1989, ìjà oko kòkó tú ilé wa ká. Bàbá mi ní Yèyé ló ń kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rọ̀, wọ́n sì kó gbogbo wa kúrò. Èmi náà sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lọ́jọ́ náà, n kò lè kọ ọ́ síbí. Kò dáhùn. N kò tẹ Àrámọkọ mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó kú, mo jókòó sílé ní Iléṣà, mo ní ta ni mo fẹ́ lọ kí.

Ẹsẹ̀ bàbá mi dùn wọ́n lóòótọ́, títí wọ́n fi kú. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. “Mú un bọ̀ wálé” yẹn, mo ti kà á, mo tún un kà.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún Bàbá. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, “Ọmọ tó gbé igbá omi.”

Láàárọ̀ yìí, wọ́n kọjá ojúlé ìyá alákàrà, wọ́n sì pe orúkọ àbísọ yín. Àwọn kì í ṣe ìyàwó ilé, àwọn lè pè é. Wọ́n ní kí n bi yín: Sátidé tó ń bọ̀, ṣé kí a gún iyán dè yín?