Asẹ́ àbí ajọ̀? Lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ ká lò fún ìyọkúrò àtẹ̀jíṣẹ́ nínú àwọn ètò tí a fi ń ka Usenet

Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí a máa lò fún Usenet, àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ọ̀gá wa láti Oǹdó ní ká pe gbogbo ohun tó ń yọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò fẹ́ kúrò lójú wa ní "asẹ́". Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ ní ká túmọ̀ killfile, fáìlì tí a ń kọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò fẹ́ rí sí, sí "fáìlì ìpakúpa". Mi ò fara mọ́ èkejì rárá. Ti àkọ́kọ́, ó kù díẹ̀ kó pé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìpakúpa bẹ̀rẹ̀. Ètò rn, èyí tí a fi ń ka Usenet, tí Larry Wall gbé jáde ní 1984 ló sọ orúkọ KILL di mímọ̀ láàárín àwọn tó ń lo Usenet. Inú fáìlì KILL ni èèyàn máa ń kọ ìlà bíi /make money/:j sí. Ohun tó ń sọ ni pé kí ètò náà wá "make money" nínú Subject (àkọlé àtẹ̀jíṣẹ́), kó sì sàmì sí gbogbo èyí tó bá rí bí ẹni pé a ti kà á. Lẹ́tà j yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sì pa ohunkóhun. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ṣì wà lórí sáfà, ẹlòmíì ń kà á, ẹni tó yọ ọ́ gan-an lè padà lọ ṣí i. Bí a bá kọ "ìpakúpa" sínú ìwé ìlò, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé òun ti pa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ rẹ́. Cancel ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ló sì ni ín. Nítorí náà, "fáìlì ìfojúfòdá" ni mo dábàá. Bí a bá fojú fo nǹkan dá, nǹkan náà ṣì wà níbi tó wà.

Ó wá kan asẹ́. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí i bí a bá ń yára tẹ̀wé, "ase" á sì di asẹ́, àṣẹ tàbí àsè. Bó bá jẹ́ àsè nìkan ni, kò burú, kò sẹ́ni tó máa wá àsè nínú kọ̀ǹpútà. Àṣẹ ló le, torí òun náà la ti ń lò fún command. Orí ojú ewé kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì máa wà: "tẹ àṣẹ yìí láti ṣí asẹ́". Ẹni tó bá sì ń pe ṣ bíi s, bí àwọn ará Ìbàdàn, kò ní gbọ́ ju ohùn lọ láti fi dá wọn mọ̀. Ìṣòro kejì ni pé "ó sẹ́ ẹ" lè jẹ́ pé ó jiyàn pé òun kọ́ ló ni ín. "Ó sẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà" kò dára fún ibi tí àwọn èèyàn ti sábà máa ń bára wọn jà lórí ohun tí wọ́n kọ.

Ajọ̀ ni mo fẹ́. Bí ẹ bá béèrè ajọ̀ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹni tó ń tà á á bi yín pé ti gàrí ni àbí ti èlùbọ́, torí bí ihò rẹ̀ ṣe tóbi sí ló yàtọ̀. Ihò yẹn gan-an ni àwọn ètò tó ń fún àtẹ̀jíṣẹ́ ní máàkì (score) nílò, torí máàkì ló ń sọ èyí tó máa kọjá àti èyí tí kò ní kọjá. Nínú slrn, ọ̀kan nínú àwọn ètò náà, wọ́n ń kọ ọ́ báyìí:

[comp.lang.*]
Score: -9999
Subject: \[ANN\]

Máàkì inú àwọn òfin tó bá bá àtẹ̀jíṣẹ́ kan mu ni wọ́n ń rò pọ̀: 50 látinú Subject, -30 látinú From (orúkọ ẹni tó kọ ọ́), ó kù 20. Èyí tó bá já sí -9999, slrn kò ní fi hàn wá. Bí òfin bá ní ìlà púpọ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ bá a mu. Bí a bá kọ Score:: pẹ̀lú àmì méjì, ọ̀kan péré tó. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àmì \ yẹn. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, regex (ìlànà tí ètò fi ń wá ọ̀rọ̀) á ka [ANN] sí "A tàbí N, èyíkéyìí", kò sì ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ sí kékeré, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ní a tàbí n nínú Subject rẹ̀ á lọ. Ọ̀pọ̀ tó ní "ẹgbẹ́ yìí ti dákẹ́" kàn nílò láti yẹ òfin wọn wò ni. Ètò Pan náà ń lo irú fáìlì yìí.

Gnus, ètò mìíràn tí a fi ń ka Usenet, yàtọ̀ díẹ̀. 0 ni òdiwọ̀n tó bá a wá. Èyí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á gba àmì Y, a kà á sí èyí tí a ti kà. Tí a bá tẹ L láti rẹ máàkì sílẹ̀, 1000 ló ń yọ. Òfin fún ìgbà díẹ̀ á pa rẹ́ bí ọjọ́ 7 bá kọjá láìsí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá a mu. Ọjọ́ 30 ni ètò mìíràn, nn, máa ń fún un bí a kò bá sọ iye. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ní "máàkì" fún score, "òdiwọ̀n" fún threshold, "ọjọ́ ìdópin" fún Expires. Máàkì ti wà lẹ́nu gbogbo ọmọ iléèwé, kò sídìí láti dá òmíràn.

Ohun kan tún wà tí orúkọ wa gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Bí a bá fojú fo ẹnì kan dá nípasẹ̀ From, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì máa wọlé nínú èsì àwọn tó ń dá a lóhùn. References, ìlà tó ń tọ́ka sí àtẹ̀jíṣẹ́ tí èsì ń dáhùn, la fi ń mú ìyẹn. Àwọn ìlà orí àtẹ̀jíṣẹ́ bíi Subject, From, Date, Message-ID àti References wà nínú àkópọ̀ tí sáfà ń kó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí RFC 3977, ìwé ìlànà ti 2006 lórí bí ètò ṣe ń bá sáfà sọ̀rọ̀, ṣe là á kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí ajọ̀ orí wọn fi ń yára. Bí òfin bá wá ń wo inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, bíi /a:j nínú rn, ètò náà gbọ́dọ̀ ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà, ó lè pẹ́ gan-an. "Ajọ̀ orí" àti "ajọ̀ inú" ni mo máa pè wọ́n.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni adaptive scoring ti Gnus, níbi tí ètò náà ti ń wo ohun tí a kà àti ohun tí a fò, tó sì ń dá máàkì fúnra rẹ̀. "Ajọ̀ akẹ́kọ̀ọ́" á dàbí ajọ̀ tí ọmọ iléèwé ń lò. Ẹ̀yin ará Oǹdó, kí lẹ rí sí i?