Ilẹ̀ tó ti ṣá, tí èkan sì gbà kan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àgbàdo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gba éékà kan lọ́nà Ìlobù, níbí l'Óṣogbo. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ń sun ún lọ́dọọdún, ó tún ń fín oògùn koríko. Ilẹ̀ ti le gbandi, èkan, koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn, ló sì bò ó. Tójò bá rọ̀, orí ẹ̀ lomi ń ṣàn gbà lọ. Mo fẹ́ gbin àgbàdo láìlo oògùn, láìlo fàtiláísà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ẹlẹ́gùúsí: Má sun ún mọ́, ọmọ mi. Fi ègúsí sáàárín àgbàdo. Ro ó lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, kó tó máa fà. Tó bá ti bo ilẹ̀ tán, èpò ò ní róòrùn.

Ìyá Ọlọ́gì: Bàbá, ègúsí ò ká èkan o! Ńṣe ló máa gún ewé ẹ̀ yọ. Lọ́dún tí mo fọkọ́ gé tèmi, àfi bí ẹni ń gbìn ín: gbòǹgbò funfun yẹn, èyí tó bá kù sílẹ̀ ló ń hù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wá ń hú u, mo ń sá a sórí àpáta. Ẹ bi ẹ̀yìn mi wò.

Onísóyà: Èkan ò fẹ́ òjìji. Ẹ gbin mukúnà, ìtàkùn bí ẹ̀wà tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀; kì í ṣe yèrèpè tó ń yún ènìyàn o, èyí tí kì í yúnni ni. Á gùn ún, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì tún ilẹ̀ ṣe bíi ti ẹ̀wà. Àmọ́ ẹ ò ní rí àgbàdo kó níbẹ̀ lọ́dún náà, mi ò ní parọ́.

Ọmọ Àgbàdo: Háà, owó ọdún méjì péré ni mo san! Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́?

Bàbá Ẹlẹ́gùúsí: Jẹ́ kó jẹrà ná. Mo da tútù sídìí àgbàdo nígbà kan, etí ewé gbẹ bí ẹni finá rà á. Kó o jọ pẹ̀lú ewé jogbo, olódòdó yẹ́lò etí títì yẹn, wọ́n omi sí i, máa yí i. Tọ́wọ́ bọ àárín ẹ̀: tí kò bá gbóná débi tí wàá fi yára yọwọ́, kò tíì pa èso èpò. Tó bá tutù, tó ń rùn bí ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kó o lọ sóko.

Ìyá Ọlọ́gì: Kí jogbo tó tanná ni kó o gé e o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oko jogbo lo máa ní.

Ọmọ Àgbàdo: Ẹ ṣeun gan-an. Mukúnà lápá òkè níbi tí èkan ti ki jù, àgbàdo òun ègúsí nísàlẹ̀. Ìyá, ṣé ẹ ṣì ní irúgbìn ègúsí?

Ìyá Ọlọ́gì: Bàbá lo máa bi. Tèmi ti di ọbẹ̀.