Ta ló ti tọpasẹ̀ bàbá àgbà tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ nílé?

Àdùkẹ́ Lókò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí a ti palẹ̀ yàrá ìyá mi àgbà mọ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn la ti rí àpò kékeré kan. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ìgbànú awọ tó ti gan, kọ́ọ̀pù tánganran tí etí rẹ̀ ti ya, àti idẹ pẹlẹbẹ kan tó rí roboto, wọ́n lu ihò sí i lórí, wọ́n tẹ nọ́ńbà mẹ́rin sí i láàárín.

Bàbá tó bí màmá mi ló ni ín. Fáyámáànù ni wọ́n ní rélùwéè, àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná kí ọkọ̀ lè máa sáré. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Bí mo bá bi màmá mi, wọn á ní, "Fi òkú sílẹ̀ kó sùn." Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní wọ́n máa ń mutí, wọ́n máa ń jà, wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ó tán. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo. Ọmọ méje ni ọkùnrin yìí fi agbára apá rẹ̀ bọ́. Mi ò gbà pé ìjà àti ọtí nìkan ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ìtàn irú bàbá bẹ́ẹ̀ rí, níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ rí?

Táíwò Gbọ̀ngán
Ọmọ Ọ̀fà ń jà, ìyẹn náà tún fẹ́ àlàyé? Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!

Àdùkẹ́ Lókò
Bùọ̀dá Táíwò, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá nǹkan gidi sọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Àǹtí Àdùkẹ́, tèmi gbà mí lọ́dún mẹ́ta. Bàbá tó bí bàbá mi lọ Bóòmà nígbà ogun Hítílà. Bàbá Bóòmà ni tèwe tàgbà ń pè wọ́n ládùúgbò wa. Bí wọ́n bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọdé á sá wọlé. Wọ́n á lé ewúrẹ́ oníwúrẹ́ tòun ti kùmọ̀ títí dé ọjà. Lóru wọ́n á dìde fùú, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa pe orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún àwa ọmọ ni pé ogún ará Jàpáànù ni wọ́n yìnbọn pa.

Mo wá orúkọ ìdílé wa títí, mi ò rí i. Ẹnì kan tí bàbá tirẹ̀ náà lọ ogun ló là mí lójú. Ó ní nígbà yẹn, bí o bá ti sọ orúkọ rẹ tán, akọ̀wé á bi ọ́ pé ìlú wo lo ti wá, orúkọ ìlú yẹn ló sì máa kọ tẹ̀ lé tìrẹ. Ló bá di pé "Lawani Ibadan" ni mo ń wá kiri. Ibi tí mo ti wá rí ìwé tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyàwó wọn kékeré ni, èyí tí wọ́n lù tí wọ́n sì lé jáde. Obìnrin yẹn ló tọ́jú ìwé wọn. Àpò ìrẹsì ló fi wé e.

Níbi tí wọ́n kọ iṣẹ́ wọn sí, ohun tí mo rí ni pé alárù ni wọ́n. Kì í ṣe ayìnbọn.

Táíwò Gbọ̀ngán
Irọ́ wá ni ti ogún ará Jàpáànù?

Ọmọ Bẹẹrẹ
Àwa la sọ ọ́, wọn ò fìgbà kan sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn. Ẹnu wọn kì í ṣí síbi ọ̀rọ̀ ogun rárá. Ohun kan ni mo wá rántí lẹ́yìn tí mo ka ìwé yẹn. Láàárín àtàrí wọn, ojú kan wà tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé tí irun kì í hù sí, awọ rẹ̀ dán, ó le. A rò pé orí pípá ni. Àṣé ẹrù ni. Mo jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sunkún.

Adé Mushin
Kò yẹ kó o sọ èyí níta, arákùnrin. Bàbá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí jagunjagun, o wá sọ wọ́n di alárù.

Bàbá Tíṣà
Adé, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ta ni alárù dójú tì? Dífíṣọ̀n 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gba àfonífojì Kaladan ní Bóòmà lọ. Kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ènìyàn ló sì ń gbé e gba inú igbó àti ẹrẹ̀ lọ. Bí alárù ò bá dé, ìbọn ò ní dún. Wọ́n ń yìnbọn lu àwọn náà, ẹrù sì wà lórí wọn, wọn ò lè sáré. Ọmọ Bẹẹrẹ kò bu bàbá rẹ̀ kù.

Adé Mushin
Mo gbọ́ yín, bàbá. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kàn dùn mí ni.

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jiyàn lórí alárù, alárù ni ìyá tó bí ìyá mi o! Ní Kùmásí, ní Gáná. Orí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lówó tí wọ́n fi ń ra abọ́ àti aṣọ tà. Èébú wọn le. Èdè Àṣáńtì ni wọ́n fi ń búni, kí ẹni tí wọ́n ń bú tó mọ̀ pé òun ni, wọ́n ti lọ. Wọ́n ti gbá ọlọ́pàá létí rí, mi ò purọ́.

Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbé-ìlú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní láti fi kúrò. Owó àwìn wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ìyá mi àgbà ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń tọrọ owó wọn. Àwọn kan san. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Orí ẹrù inú lọ́rì ni wọ́n jókòó sí wá sílé, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n gbé sáàárín ẹsẹ̀. Àwa tí wọ́n bá nílé, a rò pé ìkanra ni wọ́n bí mọ́ wọn. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo bi ẹnì kan tí wọ́n jọ wọ lọ́rì yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọmọ wọn kékeré kú lójú ọ̀nà.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Háà, ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Àdùkẹ́ Lókò
Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà?

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́
Ó wà. Èmi ni mò ń fi í rán aṣọ iléèwé àwọn ọmọ mi.

Ọmọ Obòkun
Ọ̀rọ̀ gbèsè tí ìyá sọ yìí mú mi rántí tèmi. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn kiri, láti Iléṣà dé àwọn abúlé tí mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá dé ilé onígbèsè, wọ́n á lóṣòó sójú ilé, wọn ò ní dìde títí owó á fi pé. Ní abúlé kan tí mo dé, bí mo ti sọ orúkọ wọn báyìí, ìyá arúgbó kan ní, "Ọkùnrin yẹn? Ó lóṣòó sójú ilé wa lọ́jọ́ tí a ń sìnkú bàbá mi." Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ẹnu ìyá yẹn ni mo ti gbọ́ ọ.

Táíwò Gbọ̀ngán
Ìwà ipá nìyẹn o. Lójú òkú?

Ọmọ Obòkun
Iṣẹ́ ni. Owó aṣọ yẹn náà, wọ́n jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè rẹ̀. Owó yẹn ló rán bàbá mi lọ sílé ìwé.

Ọmọ Ìkálẹ̀
Ìyá ńlá tèmi pọn ògógóró nígbà tí òyìnbó kà á léèwọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n padà sídìí àgbá.

Bàbá Tíṣà
Àdùkẹ́, ọmọ mi, jẹ́ ká padà sórí idẹ rẹ. Fítà ni bàbá tèmi ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè, àwọn tó ń to ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé àwọn kì í mú idẹ yẹn lọ sílé. Ara pátákó ló ń wà lẹ́nu ìbodè. Bí o bá dé láàárọ̀, wàá pe nọ́ńbà rẹ, wọ́n á fún ọ; bí o bá ń lọ, wàá dá a padà. Báwo ni ti bàbá rẹ ṣe dé ìsàlẹ̀ àpótí? Ọdún wo ni wọ́n ṣẹ̀wọ̀n?

Àdùkẹ́ Lókò
Wọ́n ní kó tó di pé wọ́n bí màmá mi ni. 1947 ni wọ́n bí màmá mi.

Bàbá Tíṣà
Ó jọ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dún 1945 ló fà á. Oṣù kẹfà ló bẹ̀rẹ̀. Ọjà ti gbówó lórí nítorí ogun, owó oṣù ò kúrò lójú kan. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí wọ́n fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìrànwọ́ fún ọ̀wọ́n-gógó, àti pé kí owó òòjọ́ lébìrà má dín sí sílè méjì àti sísì. Michael Imoudu ni aṣíwájú àwọn rélùwéè. Ìjọba ti lé e lọ sí Auchi láti 1943. Oṣù kẹfà yẹn gan-an ló padà wọ Èkó. Ọjọ́ 44 ni wọn ò fi ṣiṣẹ́.

Adé Mushin
45, bàbá.

Bàbá Tíṣà
44 ni bàbá mi ń kà.

Adé Mushin
Bí ẹ bá kà á láti òru ọjọ́ 21, á di 45.

Ọmọ Lísàbí
Ẹ fi kíkà sílẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé kí n máa yangàn àbí kí n dákẹ́? Bàbá ńlá mi wà nínú àwọn tó hú irin rélùwéè nígbà Ogun Adúbí lọ́dún 1918, nígbà tí Ẹ̀gbá ní àwọn ò san owó orí, àwọn ò sì ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́. Wọ́n ní irin náà gbóná lọ́wọ́ wọn.

Àdùkẹ́ Lókò
Tiyín hú u, tèmi gùn ún! Ẹ máa yangàn o, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Àǹtí Àdùkẹ́, ta ni bàbá yín bá jà jù láyé wọn? Ẹ lọ bá àwọn ẹbí yẹn. Àwọn tó fẹ́ràn wọn ti gbàgbé púpọ̀.

Àdùkẹ́ Lókò
Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ó ti di ọjọ́ mẹ́wàá. Mo lọ bá àbúrò ìyá mi àgbà ní Òyìngbò, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ní mo rí idẹ kan. Mi ò tíì mú un jáde nínú báàgì tí wọ́n fi ní, "Tú-sẹ́fùn-fọ̀-wáànù." Mo wò ó. 2741 ni.

Wọn ò mọ̀wé. Ọmọdébìnrin ni wọ́n nígbà yẹn, àwọn ni wọ́n máa ń rán lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán dé ẹnu ìbodè Lókò, ọgbà iṣẹ́ rélùwéè. Bí wọn ò bá pe nọ́ńbà yẹn, wọn ò ní bá wọn pe bàbá. Ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ lórin kí wọ́n má bàa gbàgbé. Wọ́n kọ ọ́ fún mi.

Bàbá Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde fún ìdaṣẹ́sílẹ̀, bàbá mi kò dá a padà. Ó ní ọwọ́ òun ni yóò wà títí wọ́n á fi san owó tí àwọn ń bèèrè. Àsìkò àgbàdo ni. Ìyá mi àgbà ń sun àgbàdo tà lójú títì, èyí tí wọn ò bá rà ni àwọn ọmọ ń jẹ, bàbá kì í fẹnu kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan náà ti yọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi lúgọ dè é lẹ́bàá ojú irin. Ó dá a lápá. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Rélùwéè ò gbà á padà mọ́, ẹrù ló ń rù ní Ìddó títí ó fi kú. Ìgbà yẹn ni ọtí tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Ọkùnrin tó dá lápá yẹn, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Owó oògùn ló lọ wá.

Ọmọ Obòkun
Áà.

Táíwò Gbọ̀ngán
Mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì.

Adé Mushin
Èmi lè dá a lẹ́bi. Wọ́n jọ ń gbé agboolé kan náà, ó yẹ kó mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn.

Bàbá Tíṣà
Ebi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló wà lára rẹ̀, Adé.

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́
Màmá yín ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?

Àdùkẹ́ Lókò
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n mú idẹ wá, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró wọn. Wọn ò tíì dá a padà fún mi. Láàárọ̀ ni wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn mọ ibi tí àwọn ọmọ ọkùnrin yẹn ń gbé, pé ọmọ tó ń ṣàìsàn nígbà yẹn kò kú, ó ti dàgbà, ó ti bímọ. Wọ́n ní bí mo bá ń lọ, kí n wá mú àwọn dání. Sátidé ni a fẹ́ lọ. Kí ló yẹ kí a mú lọ?

Bàbá Tíṣà
Obì.

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́
Obì, kẹ́ ẹ sì sun àgbàdo díẹ̀ dání. Ọtí nìkan ni kẹ́ ẹ má mú lọ.