Ọkọ mi fara pa níbi iṣẹ́ ní Houston, wọ́n ní kó lo inṣọ́ránsì ara ẹ̀

Ìyàwó Ilé, Kàbbà: Òkun o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó ní Houston, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ń gbé bàbá kan láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí wheelchair, èèyàn méjì ló yẹ kó jọ gbé e àmọ́ ẹnì kejì ò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ni nǹkan bá dún kàù ní ìbàdí ẹ̀, di àárọ̀ yìí kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ ní kó lọ sinmi nílé, kó lo káàdì inṣọ́ránsì ara ẹ̀ ní ọsibítù, kó má dárúkọ ibi iṣẹ́ rárá. Ìyá ọkọ mi ní kó kúkú wálé wá bá bàbá tó ń to eegun ní Ìyàrá. School fees àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀ o.

Ọmọ Ìsánlú, Dallas: Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú. Kó má gbọ́ ti ọ̀gá yẹn o! Láàárín ọjọ́ 30 ló gbọ́dọ̀ sọ fún kọ́ńpìnì pé iṣẹ́ ló ṣe òun léṣe, kó fi text tàbí email sọ ọ́, ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ló wà níbẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu ẹ̀ jáde ni pé "ibi iṣẹ́ ni". Ohun tí dọ́kítà bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni inṣọ́ránsì máa gbé jáde lọ́la.

Mọ́mì Mọ̀pà, Houston: Ọmọ mi, ó kù síbì kan. Texas ò jọ ìpínlẹ̀ yòókù, ìjọba ò fi dandan mú kọ́ńpìnì aládàáni láti ní workers' comp, ìyẹn inṣọ́ránsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri tó máa sọ bóyá wọ́n ní in, kó lọ wò ó. Bí wọ́n bá ní in, kò ní lè pè wọ́n lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bi í pé ẹ̀bi ta ni. Bí wọn ò bá ní in, ó lè pè wọ́n lẹ́jọ́, wọn ò sì ní lè fi "ìwọ náà ò ṣọ́ra" gbèjà ara wọn, ṣùgbọ́n òun ló máa fi hàn pé wọ́n jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ẹnì kejì tí ò wá yẹn á wúlò gan-an. Kó má sáré buwọ́ lu ìwé kankan ṣáá.

Owó tí workers' comp máa san ò ní pé bí owó oṣù o. Ìpín 70 nínú 100 owó tó ń pàdánù ni, wọ́n á wo ọ̀sẹ̀ 13 tó ṣáájú. Ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ ò lówó àfi bí àìlèṣiṣẹ́ ẹ̀ bá tó ọjọ́ 14. Bó bá ń ṣe iṣẹ́ kejì (ta ni ò ṣe é níbí?), kó sọ fún wọn, wọ́n máa ń kà á mọ́ ọn. Fọ́ọ̀mù DWC-041, ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń béèrè owó yìí, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ọdún 1 tó pé, sísọ fún kọ́ńpìnì nìkan ò tó.

Ọmọ Ìsánlú, Dallas: Ti pé kó wálé yẹn, ẹ bá mi bẹ Màmá. Bí ìjọba bá ní kó lọ rí dọ́kítà tí wọ́n yàn tí kò yọjú, wọ́n lè dá owó dúró. Bí ọ̀gá bá sì fún un níṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ìwé dọ́kítà mu, tó kọ̀ ọ́, wọ́n á kà á bí ẹni pé ó gba owó iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Ará Ilé, Mọ̀pà: Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan lòfin wà o. Nílé níbí, Employees' Compensation Act 2010 ní kí kọ́ńpìnì máa san ìpín 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó òṣìṣẹ́ tó fara pa, wọn ò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 14 lẹ fi máa sọ fún ọ̀gá. Àwọn ọmọ tó ń fọ́ òkúta lọ́dọ̀ wa, ìka á gé, wọ́n á fún wọn lówó oògùn, ó tán!

Ìyàwó Ilé, Kàbbà: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti ya fọ́tò ìwé ara ògiri náà ránṣẹ́, wọ́n ní workers' comp. Ṣé dandan ni lọ́yà?

Mọ́mì Mọ̀pà, Houston: Rárá. Kó pe OIEC, ọ́fíìsì ìjọba Texas tó ń ran òṣìṣẹ́ tó fara pa lọ́wọ́, wọ́n á fún un ní ombudsman, ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ náà, lọ́fẹ̀ẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn.

Ìyàwó Ilé, Kàbbà: Ó ti fi text ránṣẹ́ sí ọ̀gá báyìí. Màmá ló kù, wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún bàbá tó ń to eegun.