Pẹpẹ, ojúbọ àti "ibùrúbọ": ọ̀rọ̀ wo ló mọ iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dábàá pé kí a fi "ibùrúbọ" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí a ń ṣe, kí ó dúró fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "altar". Ìdí tí wọ́n sọ ni pé pẹpẹ ti di ti oníṣọ́ọ̀ṣì, ojúbọ ti di ti oníṣẹ̀ṣe, ó sì yẹ kí a ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ní olówó. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò lè bá wọn dé ibẹ̀.

Kí n tó bá ọ̀rọ̀ náà jà, kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ó bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wa mu: ibùdó, ibùsùn, ibùjókòó àti ibùgbé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ìtumọ̀ ni àléébù rẹ̀ wà. Bíbọ òrìṣà àti rírú ẹbọ sún mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí babaláwo bá ní kí ènìyàn rúbọ, ẹbọ náà lè parí sí ìdí igi, sí etí odò tàbí sórí ààtàn, kò sì sí ẹni tí yóò torí èyí pe ààtàn ní ojúbọ. (Oríta yàtọ̀ díẹ̀, nítorí Èṣù lè ní yangí, òkúta tí a fi ń bọ ọ́, níbẹ̀.) Bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn lè kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ ní àárọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí ó ta omi tútù sílẹ̀, kí ó pa obì, kí ó ki òrìṣà rẹ̀, kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kí ó sì dìde láì rú ẹbọ kankan. Tí a bá wá pe ibẹ̀ ní ibùrúbọ, a ti mú ẹyọ iṣẹ́ kan nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, a sì ti fi sọ gbogbo ilé lórúkọ.

Ojú tó wà nínú ojúbọ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ojú ogun, ojú ọjà, ojú ọ̀nà, ojú oórì: ibi gan-an tí nǹkan wà tàbí tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ni ojú ń tọ́ka sí nínú gbogbo wọn. Bóyá bọ ni ó tẹ̀ lé e tàbí ẹbọ, ìró rẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún wa, nítorí pé bí ojú bá pàdé ẹbọ, fáwẹ̀lì ẹ ni yóò bọ́ sọnù, ojúbọ náà ni yóò sì kù. Ohun tó dá mi lójú ni pé kò sí gíga nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ojúbọ Ṣàngó tí mo mọ̀ láti kékeré, nínú agbo ilé àwọn ìyá ìyá mi, odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló dúró ní igun iyàrá, àwo onígi wà lórí rẹ̀, ẹdùn àrá wà nínú àwo, ṣẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, epo sì ti mu igi odó náà títí ó fi ń dán bí ara ènìyàn. Odó yẹn gbé àwo sókè lóòótọ́, síbẹ̀ odó ni wọ́n ń pè é. Gbogbo igun yẹn lápapọ̀ ni ojúbọ. Ní ẹnu ọ̀nà agbo ilé kan náà, yangí Èṣù wà nílẹ̀, kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, àlejò tí kò bá wolẹ̀ á fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Ojúbọ lòun náà. Ẹni tó bá pè é ní pẹpẹ, inú agbo ilé náà ni wọn yóò ti kọ́kọ́ bi í pé pẹpẹ dà.

Ní ti pẹpẹ, kí n tó mọ ti inú Bíbélì ni mo ti mọ ti ilé ìdáná: amọ̀ tí wọ́n mọ jáde lára ògiri, tí ìyá àgbà to ìkòkò, àwo àti ìgò epo sí. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ka Jẹ́nẹ́sísì 8:20 fún wa, pé Nóà tẹ́ pẹpẹ fún OLÚWA, ohun tí mo rí lójú inú ni Nóà tó ń to ìkòkò lẹ́yìn ìkún omi. N kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àgbàrá ti gbé àwo wọn lọ ni. Títí di òní, aláṣọ tó wà lọ́jà yóò ní kí ọmọ iṣẹ́ bá òun gbé ìdì aṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, kò sì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí pẹpẹ dúró fún, ìyẹn mizbeach, ara ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ pípa ẹran fún ẹbọ ló ti jáde. Tí ó bá jẹ́ gbòǹgbò nìkan ni a ń tẹ̀ lé, ibùrúbọ tí ẹ̀gbọ́n mú wá ni ìbá sún mọ́ ọn jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú wọn, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, ó jọ pé ìrísí ni wọ́n wò. Ẹ́kísódù 27 ní kí wọ́n fi igi ṣe é ní ìgbọ̀nwọ́ 5 ní gígùn, 5 ní ìbú, 3 ní gíga, kí ìwo sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ohun tí a ń gbé nǹkan kà ni. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, thysiastērion, ibi ìrúbọ, ni Gíríìkì ń lò níbi púpọ̀, àfi ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 17:23, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti rí ti Ọlọ́run àìmọ̀ ní Áténì. Bōmos ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ìyẹn ibi tí a gbé ga sókè nílẹ̀. Ẹ wá wò ó: ibi tí pẹpẹ ti bá ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ mu jù lọ nínú Májẹ̀mú Tuntun ni ti àwọn abọ̀rìṣà Áténì!

Èyí ló mú kí n má lè gba àbá kejì tí ẹnìkan lè mú wá, pé kí a fi pẹpẹ sílẹ̀ fún Kristẹni, kí a sì fi ojúbọ sílẹ̀ fún òrìṣà. Bíbélì Yorùbá fúnra rẹ̀ kò pín in bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ Báálì tí baba rẹ̀ ní ni Gídíónì wó, pẹpẹ náà ni ó sì tẹ́ fún OLÚWA. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì gan-an ti jà sí orúkọ náà rí. Ìwé Àdúrà ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1549 ṣì dárúkọ pẹpẹ, ti 1552 yọ ọ́ kúrò, ó fi tábìlì rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ẹni tó gbà pé ẹbọ ti parí lórí àgbélébùú kò fẹ́ kí ohun èlò ẹbọ tún wà nínú ilé Ọlọ́run. Lónìí, orí ìtàgé tí pásítọ̀ dúró sí ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń pè ní pẹpẹ, tí wọ́n bá sì ń gbàdúrà nípa "pẹpẹ ilé baba" tó ń sọ̀rọ̀ ibi, kò sí amọ̀ tàbí igi kankan lọ́kàn wọn. Agbára tí wọ́n gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Pẹpẹ ti ń rìn lọ sí ọ̀dọ̀ ojúbọ fúnra rẹ̀, láì dúró de ìgbìmọ̀ wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí a wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀sìn. Mihrab inú mọ́sáláṣí ń fi ìhà Kábà han àwọn tó ń kírun. A kì í gbé nǹkan kà á, a kì í bọ ọ́, kò sí ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa ní Kúbà ń pe iyàrá tí wọ́n ti ń gbé òrìṣà fún ènìyàn ní igbodú, igbódù tiwa náà ni, ìyẹn igbó tí a ti ń tẹ ènìyàn ní Ifá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ iyàrá inú ilé alájà ní ìgboro. Igi kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ igbó ń lọ níbẹ̀, orúkọ sì tẹ̀ lé iṣẹ́. Ní ti peji, orúkọ tí àwọn ará Bàhíà ní Bràsíl ń pe ojúbọ òrìṣà, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọmọ pẹpẹ ni jọ̀ọ́ mú ẹ̀rí wá, torí ìró tó jọra nìkan kò tó.

Àbá tèmi ni pé kí ojúbọ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkójọ náà, kí pẹpẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ méjèèjì, ti ilé ìdáná ṣáájú ti Bíbélì. Ibùrúbọ kò ní ṣòfò, a lè fi sọ àgbàlá tí wọ́n ti ń pa ẹran nínú tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù. Kí gbólóhùn àpẹẹrẹ wa jẹ́ èyí: "Wọ́n mọ pẹpẹ sínú ojúbọ, wọ́n sì to igbá òrìṣà sórí rẹ̀." Kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ bá mi pààrọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú gbólóhùn yẹn, kí a wo ohun tí yóò kù.