Klé oníbàárà kó fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà mi, ẹ gbà mí o

Atẹ̀wé_Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará wa. Mo ń tẹ̀wé, mo sì ń ṣe fọ́tókópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando níbí. Láti àná, klé yòówù tí mo bá kì bọ kọ̀ǹpútà mi (flaṣi làwọn ará Nàìjíríà ń pè é), gbogbo fódà inú ẹ̀ á di àmì kékeré tó ní ọfà lára. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé mémọ́à ẹ̀ (ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́) wá, kò rí nǹkan kan mọ́, ló bá bú sẹ́kún níwájú mi, ara mi ò tíì balẹ̀ látìgbà yẹn. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n mú 15.000 seefa wá kóun fọ́mátì gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni pé á nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò. Ṣé kò sọ́nà míì ni?

ỌmọKétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọ́mátì nǹkan kan o! Fáìlì yẹn ò lọ síbì kankan, ṣe ni fáírọ́ọ̀sì fi wọ́n pamọ́ tó wá fi ọlọ́fà tiẹ̀ rọ́pò. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọlọ́fà yẹn, á kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ibi ẹ̀ ná, á wá ṣí fódà yín fún yín, ìyẹn lèèyàn kì í fi í fura. Kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ torí tí klé bá mọ́ tí kọ̀ǹpútà ò mọ́, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ lá tún kó o. Ẹ ṣí Sécurité Windows (ibi ààbò inú Windows), ẹ lo Microsoft Defender Offline tó ń wá fáírọ́ọ̀sì, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà á kú á sì tún tàn fúnra ẹ̀, bí ìṣẹ́jú 15 ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ẹ ki klé bọ̀ ọ́, ẹ wo lẹ́tà tó gbà, ká ní E ni, ẹ ṣí cmd (ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ fún Windows sí) kẹ́ ẹ tẹ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Fáìlì á yọjú padà. Ẹ wá pa àwọn ọlọ́fà rẹ́, àti èyíkéyìí tẹ́ ẹ ò mọ̀ tó parí sí .vbs.

Oníkajú_Ṣábẹ̀:
Òótọ́ lọmọ Kétu sọ, àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ṣé Windows yín kì í ṣe kráàkì, èyí tí wọn ò sanwó ẹ̀? Èmi gbé kráàkì sí tèmi, ó ní kí n pa antivirus kóun tó lè ṣiṣẹ́, mo pa á. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìwé ìṣirò kajú mi ò ṣeé ṣí mọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n san bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò san, mi ò sì rí ìwé yẹn gbà dòní. Irú ẹ̀ náà ni fáírọ́ọ̀sì WannaCry ní oṣù karùn-ún 2017, tó dá iṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Renault ní Faransé, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù kẹta. Torí náà ẹ má máa sún mise à jour (àtúnṣe tí Windows ń gbé wá) síwájú. Kẹ́ ẹ sì ra díìsìkì kan tẹ́ ẹ ó máa kó ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí, kẹ́ ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti kó o tán, torí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, òun náà á bá a lọ.

Atẹ̀wé_Àjàṣẹ́:
Ọmọ Kétu, Ọlọ́run á bù kún ẹ! Mémọ́à yẹn ti yọ, ojú ìwé kan ò dín, mo ti pe ọmọ náà. Oníkajú, ẹ kú àdánù, kráàkì ni tèmi náà lóòótọ́, màá wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ klé kan ń kọ Accès refusé (pé kò gbà mí láyè), ó dárúkọ System Volume Information, ṣé fáírọ́ọ̀sì nìyẹn?

ỌmọKétu:
Rárá ẹ̀gbọ́n, Windows fúnra ẹ̀ ló ni fódà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.