Áàpù kan kọ̀, kò ṣe é yọ lórí fóònù Android

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp pé ìwé ìpè ìgbéyàwó ni. Ó tẹ̀ ẹ́, áàpù kan sì wọlé. Látìgbà náà ni ìpolówó ti ń yọ lójú fóònù ṣáá. Bọ́tìnnì Uninstall ti ṣú, kò ṣe é tẹ̀. Áàpù báńkì ẹ̀ sì wà níbẹ̀! Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Alátùnṣe Fóònù: Ẹ pa dátà àti Wi-Fi báyìí báyìí, kí àwọn gbájúẹ̀ yẹn má lè darí ẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà. Fáìlì tí orúkọ ẹ̀ bá parí sí .apk kì í ṣe ìwé ìpè rárá, áàpù ni.

Áàpù náà ti gba àṣẹ Device admin, ìyẹn àṣẹ alákòóso fóònù, ìdí tí Uninstall fi ṣú nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa fóònù mọ́lẹ̀. Tí Power off bá yọ, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ tẹ òun náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi béèrè Safe Mode. Áàpù tí kò bá fóònù wá, tí èèyàn fi sí i lẹ́yìn, kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá Device admin apps nínú Settings, ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ sì pa á nínú Accessibility pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo Accessibility yẹn. Torí àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa ni wọ́n ṣe ṣe é. Áàpù tó bá ní in lè ka ohun tó wà lójú fóònù, kó sì máa tẹ bọ́tìnnì fúnra ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ìdí owó èèyàn nìyẹn.

Àdùkẹ́ Kọ̀ǹpútà: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n orí fóònù mìíràn ni kó ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù email àti PIN báńkì, kí àwọn olè má tún rí tuntun. Kó pe báńkì náà lónìí. Kó wo Linked devices lórí WhatsApp, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ àkáǹtì ẹ̀, kó lé èyí tí kò bá mọ̀ jáde, kó sì tan Two-step verification, ìyẹn PIN onínọ́ńbà 6 fún WhatsApp.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ẹ ṣeun gan-an, áàpù náà ti kúrò. Ṣé ká ṣì ṣe factory reset, ìyẹn ká nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù kúrò?

Alátùnṣe Fóònù: Ẹ ṣe é, torí báńkì tó wà níbẹ̀. Fọ́tò àti nọ́ńbà èèyàn nìkan ni kí ẹ kó pamọ́, ẹ má kó fáìlì .apk kankan padà. Tí ẹ bá parí, ẹ wọ Install unknown apps, ẹ rí i pé WhatsApp ò ní àṣẹ níbẹ̀.